Ọta Kan Ṣoṣo Tó Pa Adìẹ Pupa

"Mo di ojú méjèèjì," ni Ojú-Àwòdì wí, "mo sín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì yin ọta kan ṣoṣo. Ọta náà kọ́kọ́ dúró bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìkùukùu. Ó yí òkè tó wà lọ́hùn-ún yẹn po lẹ́ẹ̀mejì, ó kan ìlẹ̀kùn bàálù náà, ó ní àgò onílé o, kó tó wọlé."

"Ta ló dá a lóhùn?" ni obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ bèèrè.

"Ẹ̀n?"

"O ní ó kí wọn ní àgò. Ta ló ní kó máa wọlé?"

Ojú-Àwòdì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀ débi pé gíláàsì ojú fèrèsé mì. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ológun ni, iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló ń ṣe, Abẹ́rẹ́ sì ni gbogbo ibùdó ń pè é, nítorí pé ó kéré, ó tín-ín-rín, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó nípọn tí kò ní gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní ó jókòó ti olè kan rí fún ọjọ́ mẹ́ta láìsọ ọ̀rọ̀ kan, olè náà jẹ́wọ́ tiẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ dá.

"Ó tó," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Máa lọ."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohun tí ọta náà sọ nígbà tó wọlé tán ni?"

"N ó gbọ́ ọ láago mẹ́rin."

Aago méjìlá ọ̀sán ti lù nígbà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ibùdó yìí ni àwọn sójà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yin ohun tó ń fò. A kò lè ní kí ọmọ ènìyàn gòkè lọ kí wọ́n máa yìnbọn sí i, ìyá rẹ̀ á bínú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní bàálù kékeré kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Pupa fòò ni wọ́n kùn ún, wọ́n sì sọ ọ́ ní Adìẹ Pupa. Ọkùnrin kan ló ń jókòó sórí àga nínú yàrá nílẹ̀, tí ó ń fi ọ̀pá ìdarí tí kò ju àtàǹpàkò lọ wà á. Adìẹ Pupa a máa fi okùn gígùn wọ́ àpò aṣọ funfun kan tẹ̀ lé ara rẹ̀, àpò yẹn ni wọ́n ń yìnbọn sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ba bàálù fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n lè mọ ọta ẹni tó bá àpò, olúkúlùkù sójà ní agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré lára bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ń fi ọ̀dà pa orí ọta kó tó kì í sínú ìbọn. Ihò tí ọta bá lù, ọ̀dà á wà létí rẹ̀. Búlúù ni ti Ojú-Àwòdì. Ọdún kẹta rèé tó ti ń yìnbọn, àwọ̀ búlúù ò sì kan àpò yẹn rí. Obìnrin tó ń rán àpò náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní ọ̀dà búlúù ní ibùdó.

Ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, Adìẹ Pupa fò gba ẹ̀yìn òkè, kò sì padà wá mọ́. Ojú-Àwòdì ló kọ́kọ́ sáré lọ wá a. Nígbà tí àwọn tó kù fi máa dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, wọ́n bá a nínú oko àgbàdo kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé bàálù náà bí ọdẹ tó pa erin. Ihò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ bàálù. Ọ̀dà búlúù wà létí ihò náà.

Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún Ojú-Àwòdì. Fún ẹni tó ń wa bàálù, ó jọ ìròyìn òkú. Ìbọn àwọn sójà yìí kì í ta ga kọjá àmì funfun kan tí wọ́n kùn sí ara òkè. Bí ọta bá lè ba Adìẹ Pupa, a jẹ́ pé awakọ̀ ló mú un wálẹ̀ kọjá àmì, òfin ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun tó ń darí ibùdó ti tẹ lẹ́tà tí yóò fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Aago mẹ́rin ni yóò fọwọ́ sí i.

* * *

Bàbá Jókòó-fò ni wọ́n ń pe awakọ̀ náà, nítorí pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń fò láìdìde lórí àga. Òwú dúdú ló fi so apá kan awò ojú rẹ̀. Àwọn sójà ti ń gbé e kiri pé ojú rẹ̀ ti bàjẹ́, pé igún kan ló ń wà láàárọ̀ yẹn fún odindi ìdajì wákàtí, tí igún náà sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ mú un wálẹ̀ kọjá àmì?"

"Rárá o."

"Ẹ sùn?"

"Láago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀? Ṣé ológbò ni mí?"

"Wọ́n ní igún lẹ ń wà."

"Kí wọ́n mú igún yẹn wá kó jẹ́rìí."

Bàbá náà tọ́jú òwú awò ojú rẹ̀ dáadáa kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ó kọ etí dídi sí mi ni. Mo ní kó yà sọ́tùn-ún, kò yà. Mo ní kó gòkè, kò gòkè. Bí kò bá sì ti gbọ́ ohùn mi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, á pa ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀, á ṣí agboòrùn ńlá tó wà nínú rẹ̀, á rọra máa bọ̀ nílẹ̀. Ó dà bí ọmọ tó sọnù, tó mọ̀ pé kí òun dúró sójú kan."

"Wọ́n yẹ òpó ẹ́ríà tó ń gbé ohùn yín lọ bá Adìẹ wò. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é."

"Ohun tó fẹ́ pa mí nìyẹn. Mo sáré lọ sọ fún Ọ̀gágun. Ìgbà tí a padà dé, gbogbo wáyà ti wà ní ipò rẹ̀ géérégé. Ojú wo ni kí n wá fi sọ̀rọ̀?"

"Báwo ni Adìẹ ṣe máa ń balẹ̀?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó yí i dé, ó sì rọra gbé e lé tábìlì pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. "Báyìí. Ikùn rẹ̀ ni kámẹ́rà wà, kámẹ́rà ò sì fẹ́ ìkọlù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so okùn agboòrùn mọ́ ikùn. Ẹ̀yìn ló fi ń balẹ̀, á dojú ikùn kọ òkè bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ìgbà mọ́kàndínlógójì tó ti balẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò yẹ̀ rí."

"Ṣé ó máa ń fò bẹ́ẹ̀ náà?"

"Adìẹ wo lo rí tó ń fi ẹ̀yìn rìn?"

Abẹ́rẹ́ dìde. Bàbá náà pè é padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Sájẹ́ǹtì. Ilé tí à ń gbé, ti ibùdó ni. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́. Ó rán mi pé kí n ra gílóòbù bọ̀, ti pálọ̀ ti jó."

"Ẹ rà á," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn, ó sì jáde.

* * *

Nínú oko àgbàdo náà, igi àgbàdo mẹ́fà péré ló ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n bá yin bọ́ kì í ṣẹ́ igi mẹ́fà, oko ló máa ń jẹ run. Nǹkan yìí rọra balẹ̀ ni. Agboòrùn ńlá rẹ̀ wá dà? Àwọn sójà ní àwọn ò rí i. Wọ́n ní wọ́n bá okùn rẹ̀ ní gígé, ọ̀bẹ mímú ló sì gé e. Ọ̀gágun ti ń rò pé awakọ̀ yẹn ní ẹni tó ń bá a jalè.

Ilé kékeré kan wà létí oko. Fèrèsé rẹ̀ ní kọ́tìnnì pupa àti funfun tó tóbi tó aṣọ ìgunwà ọba mẹ́jọ. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, kọ́tìnnì náà á wú, ilé á sì ṣe bí ẹni fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ìyá Olóko jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa àgbàdo.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Kọ́tìnnì yín dára o."

"Ogún ìyá mi ni."

"Nọ́mbà àwọn sójà wà létí rẹ̀."

"Ìyá mi ti ṣe sójà rí."

Abẹ́rẹ́ fa àpótí kan, ó jókòó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Eṣinṣin kan fò kọjá. Ìyá Olóko ṣa àgbàdo méjì, ó tún ṣa ẹ̀kẹta, ó jù ú nù.

"Ó dáa, èmi ni mo gé e! Ọ̀run ló jù ú sínú oko mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tọrọ kọ́tìnnì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣé kí n wá sọ fún un pé kó mú un padà ni?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì ló gbé mi wá. Báwo ni nǹkan náà ṣe sùn nígbà tí ẹ gé e?"

"Ó nà gbalaja, ikùn lókè. Inú ikùn ni mo ti gé okùn rẹ̀, bí ẹni gé ìwọ́ ọmọ."

"Ṣé ihò wà lára rẹ̀?"

"Ihò bíi ti báwo? Ara rẹ̀ ń dán, ó jọ̀lọ̀. Mo fọwọ́ pa á láti orí dé ìrù, tọ̀tún tòsì."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ń wò ó bóyá ohun mìíràn tún wà tí mo lè gé." Ó gbójú sílẹ̀. "Ìgbà náà ni mo rí sójà kan tó ń sáré bọ̀. Mo ká aṣọ mi, mo wọlé."

"Sójà wo?"

"Ọmọ mi, gbogbo yín lẹ jọra lójú mi."

* * *

Inú ilé ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n gbé Adìẹ Pupa sí, ó jókòó lórí ikùn rẹ̀ bí ẹran ọ̀sìn tó sinmi. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ tì í. Ihò náà wà láàárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Ìka rẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ, erùpẹ̀ sì tẹ̀ lé ìka náà jáde. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sí ihò ìjáde níbẹ̀. Ó mi bàálù náà jìgìjìgì, kò sí ohun tó ró nínú rẹ̀.

Ó wá wo ọ̀dà. Ọ̀dà náà ti pọ̀ jù, ó ti kán láti etí ihò, ó sì ṣàn gùn tó ìka ọwọ́ kan kó tó gbẹ. Abẹ́rẹ́ wo ìṣàn náà títí. Kò ṣàn lọ sí ìhà ikùn. Ẹ̀yìn bàálù ló ṣàn lọ, ó gun òkè bí ọ̀bọ tó ń gun igi.

Ó rò ó wò. Bí ọta bá fi ọ̀dà tútù sí ara ohun tó ń fò, atẹ́gùn á gbá a sọ́nà ìrù. Bí bàálù bá jókòó bó ṣe jókòó yìí, ọ̀dà á ṣàn sísàlẹ̀, síkùn. Ọ̀nà kan ló kù tí ọ̀dà fi lè ṣàn lọ sẹ́yìn: àfi bí ẹ̀yìn bá wà nísàlẹ̀. Lónìí, inú oko àgbàdo nìkan ni Adìẹ Pupa ti fi ẹ̀yìn sùn, Ìyá Olóko sì ti fọwọ́ pa á láti orí dé ìrù kó tó di pé ihò wà níbẹ̀.

Ihò náà ti di irọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ mọ Ọ̀gágun. Yóò ní bí kì í bá ṣe ọta ló mú un balẹ̀, a jẹ́ pé àìmọwakọ̀ ni, lẹ́tà yẹn á sì tún jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó di Adìẹ létí.

Aago mẹ́ta ti ń sún mọ́lé.

Òpó ẹ́ríà dúró sí ẹ̀yìn ibi ìyìnbọn, irin gíga ni, apá kan sì nà láti ara rẹ̀ bí apá ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Wáyà kan gba ara apá náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá Bàbá Jókòó-fò. Oṣù kejì rèé tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Eruku ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí adìẹ bá sín, wọ́n á wá a tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ lábẹ́ òpó yìí, ibì kan wà tó fẹ̀ tó ọpọ́n, tí eruku rẹ̀ ti dì, tí ojú rẹ̀ sì funfun. Omi ti kán síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ họ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

Sítáàṣì aṣọ ni.

Ó gbójú sókè. Gbogbo apá irin náà ló ti dípẹtà, àfi ibì kan láàárín tí ohun kan ti nu ìpẹtà rẹ̀ lọ, tó ń dán. Ní ibùdó tí eruku ti ń wọnú ìgò tó ní ìdérí, ibẹ̀ nìkan ló ga tó kí aṣọ gbẹ láìdọ̀tí. Ta ló wá ń lo sítáàṣì ní ọjọ́ ìbọn?

Ó lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ géètì.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ń retí àlejò lónìí?"

"Ojú-Àwòdì ni. Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ wá wo ibi iṣẹ́ rẹ̀ láago mẹ́rin. Ó ti ń dà wá láàmú láti ọjọ́ Ajé."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì sáré wọlé, ó rò pé ogun ti dé.

* * *

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Ọ̀gágun tẹ́ lẹ́tà sórí ìyẹ́ Adìẹ Pupa, ó sì ṣí bírò. Bàbá Jókòó-fò dúró síwájú rẹ̀, fìlà lọ́wọ́ kan, gílóòbù tuntun lọ́wọ́ kejì.

Ojú-Àwòdì wọlé. Aṣọ ayẹyẹ ló wọ̀, sítáàṣì sì ti mú un le débi pé aṣọ náà ló kọ́kọ́ wọlé, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó tẹ̀ lé e. Bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà lẹ́yìn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó gbé agboòrùn dání.

"Bàbá, ẹyẹ tí mo pa rèé," ni Ojú-Àwòdì wí.

"Bá wa sọ bó ṣe jẹ́," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Mo di ojú méjèèjì, mo sín lẹ́ẹ̀meje..."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo sọ lọ́sàn-án."

"Ọ̀fìnkìn náà ń le sí i ni."

"Nígbà tí ọta rẹ bà á, ṣé ikùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni àbí lókè?"

"Ìsàlẹ̀ mà ni! Bíi ti gbogbo bàálù ọmọlúwàbí."

Abẹ́rẹ́ mú ife omi, ó kán omi díẹ̀ sétí ihò náà. Omi ṣàn lọ sí ikùn. Ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀dà búlúù tó gba òdìkejì lọ.

"Omi mọ ọ̀nà ilé. Kí ló gbé ọ̀dà tìrẹ gun òkè?"

Ojú-Àwòdì wo omi, ó wo ọ̀dà. "Hẹ̀n-ẹ́n! Mo ti rántí. Ẹ̀rù ọta mi ló bà á, ló bá dojú dé lójú ọ̀run."

"Atẹ́gùn ńkọ́? Kò gbá ọ̀dà sọ́nà ìrù?"

"Atẹ́gùn ti sá."

"Ọta náà dà? Kò sí nínú rẹ̀, kò sì gba ibì kankan jáde."

"Ojú ló tì í. Ó gba ibi tó gbà wọlé padà jáde."

Ọ̀gágun wúkọ́. Kò tíì fọwọ́ sí ìwé. "Sájẹ́ǹtì, sọ ibi tí ò ń lọ."

"Ọ̀gá, Adìẹ balẹ̀ láìní ihò lára, ẹni tó gé agboòrùn rẹ̀ fọwọ́ pa á. Ẹ̀yìn ló fi sùn. Ẹnì kan bá a níbẹ̀, ó fi èèkàn oko lu ihò sí i, erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ihò náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun etí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó yí i padà kó lè rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé."

"Kí ló wá mú un balẹ̀?"

"Aṣọ ni."

"Aṣọ wo?"

Abẹ́rẹ́ yíjú sí àlejò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọkọ ọmọ yín."

Ojú-Àwòdì fẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kò tẹ̀, kò jẹ́ kó yára. Bàbá náà fi ẹnu agboòrùn rẹ̀ tọ ìlà kan tó pọ́n bí erùpẹ̀ amọ̀, láti èjìká ọ̀tún dé ti òsì.

"Ìpẹtà ni," ni ó wí. "Ó tọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á."

"Apá òpó ẹ́ríà nìyẹn. Ó fọ aṣọ rẹ̀ láàárọ̀ nítorí yín, ó fi sítáàṣì sí i, ó ti apá irin náà bọ apá aṣọ kó lè gbẹ lókè tí eruku ò dé. Aṣọ tútù wúwo. Atẹ́gùn ń fì í, ó ń fa wáyà, títí wáyà fi yọ. Bàbá Jókòó-fò ń pariwo, Adìẹ ò gbọ́. Ìgbà tí bàálù sọnù ni ọ̀gbẹ́ni yìí rántí aṣọ rẹ̀. Ó sáré já a, ó ti wáyà padà, ó wá gba oko lọ. Dípò kó jẹ́ ẹni tó mú bàálù balẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, ó yàn láti jẹ́ ẹni tó fi ọta mú un balẹ̀."

Ojú-Àwòdì dákẹ́, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀.

"Ṣé o ní ẹlẹ́rìí?" ni Ọ̀gágun bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ní, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú un wá."

"Ta ni?"

"Ọta yẹn ni."

Ojú-Àwòdì kí wọn bí sójà, ó yí padà, ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ló ki eré mọ́lẹ̀. Sítáàṣì kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ ká, ẹsẹ̀ méjèèjì tọ́ gbanran bí ẹnu àlùmọ́gàjí, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń ró pàá, pàá, pàá, bí ìbọn mẹ́fà. Sójà méjì fẹ́ lé e.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Gbogbo ayé ló ń gbọ́ ibi tó ń lọ."

Ọ̀gágun ya lẹ́tà sí mẹ́rin. Bàbá Jókòó-fò wo àwọn ègé náà bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó di gílóòbù mú dáadáa, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Àlejò náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ló fi ṣíji bo ojú, ó ń wo eruku tó ń lọ tààrà sí ọ̀nà oko àgbàdo.

"Ó jọ pé ó tún ti di ojú méjèèjì," ni ó wí.

Láìpẹ́, igi àgbàdo ń ṣẹ́ wọ̀ràwọ̀rà, ó ju mẹ́fà lọ dáadáa. Ohùn Ìyá Olóko wá ta láti ọ̀nà jíjìn:

"Kí ló tún já bọ́ sínú oko mi yìí? Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀bẹ mi!"